Àfikún Búráúsà: Olùrànlọ́wọ́ Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Dunjú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí fún búráúsà, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí a fi ń wo àwọn ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì. Firefox àti Chrome wà lára àwọn tí ènìyàn mọ̀ jù. Búráúsà lè ṣí ojú ewé, ó sì lè fi àwòrán hàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò lè dá ṣe. Àwọn ètò kéékèèké tí a máa ń so mọ́ ọn kí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní àfikún. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í pẹ́ rárá tí ènìyàn fi ń so ọ̀kan mọ́ búráúsà rẹ̀. Nítorí pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀ ni ó fi yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni àjọ Mozilla gbé ẹ̀dà 1.0 Firefox jáde. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí búráúsà náà fúyẹ́, kí ẹni tí ó bá ń fẹ́ nǹkan mìíràn fi àfikún kún un fúnra rẹ̀. Google gbé Chrome jáde ní ọdún 2008. Nígbà tí ó di ọdún 2010, gbogbo ẹni tí ń lo òun náà ti lè so àfikún mọ́ ọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àwọn àfikún wọ̀nyí sí.

Èkíní ni àwọn tí ń mú iṣẹ́ yá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò jókòó láti kọ lẹ́tà kan, tí yóò ní kí òun yà sí Facebook díẹ̀, tí ilẹ̀ yóò sì ṣú mọ́ ọn níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni LeechBlock wúlò fún. Yóò kọ orúkọ àwọn ojú òpó tí ń jẹ àkókò rẹ̀ sínú àfikún náà, yóò sì sọ wákàtí tí kò fẹ́ rí wọn. Bí wákàtí náà bá ti tó, ilẹ̀kùn wọn yóò tì. Ti OneTab yàtọ̀. Bí ènìyàn bá ṣí ogún ojú ewé lẹ́ẹ̀kan náà, tí kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, OneTab yóò pa gbogbo wọn dé, yóò sì to àdírẹ́sì wọn sí ojú kan, kí a lè tún ṣí èyí tí a bá fẹ́ nígbà tí a bá nílò rẹ̀.

Èkejì wà fún àwọn tí ń kọ́ ojú òpó. Ní ọdún 2006, Joe Hewitt gbé Firebug jáde fún Firefox. Bí apá kan ojú ewé bá wọ́, Firebug jẹ́ kí ẹni tí ó kọ́ ọ lè tẹ ibẹ̀ gan-an, kí ó rí ìlà tí ó fà á, kí ó sì dán àtúnṣe wò lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn búráúsà fi sọ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ di ara wọn. Ní ọdún 2017, Firebug fẹ̀yìn tì. Èyí tí ó ṣì wúlò púpọ̀ ni WAVE, tí àjọ WebAIM ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, ṣe. Ó máa ń tọ́ka sí àwòrán tí kò ní àlàyé àti ọ̀rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa, kí àwọn tí kò ríran náà lè jẹ àǹfààní ojú òpó náà.

Ẹ̀kẹta ni ti ààbò, òun ni ó sì kan gbogbo wa. uBlock Origin, iṣẹ́ ọwọ́ Raymond Hill, máa ń dí ọ̀nà mọ́ ìpolówó àti àwọn ètò tí ń tọpasẹ̀ wa kiri. Ìpolówó tí kò bá wọlé kò lè jẹ dátà, nítorí náà ó ń ṣọ́ owó fún wa pẹ̀lú. Òfin tuntun tí Google ṣe fún àfikún kò gbà á láàyè mọ́ lórí Chrome, àfi ẹ̀dà rẹ̀ tí agbára rẹ̀ kéré, uBlock Origin Lite; ṣùgbọ́n odidi rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Firefox. Bitwarden ní tirẹ̀ ń bá ni tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí páswọ́ọ̀dù. Àǹfààní ńlá inú rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì ni ó ń wò, kì í wo ojú lásán. Bí gbájúẹ̀ bá ṣe ayédèrú ojú òpó báǹkì tí ó jọ ti gidi, ojú ènìyàn lè má dá a mọ̀, ṣùgbọ́n àfikún náà yóò rí i pé àdírẹ́sì ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí òun mọ̀, kò sì ní dábàá ọ̀rọ̀ aṣínà náà fún un.

Síbẹ̀, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Kí àfikún tó lè dí ìpolówó tàbí kí ó tó lè kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní láti rí ohun tí ó wà ní ojú ewé tí a ṣí. Ìdí nìyí tí búráúsà fi máa ń béèrè bóyá a gbà kí ó máa ka ohun gbogbo tí ó wà ní ojú òpó tí a bá lọ, kí ó sì lè yí i padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka ìbéèrè náà kí a tó gbà. Ẹni tí a bá fún ní irú àṣẹ yìí lè ka lẹ́tà wa, ó sì lè rí iye tí ó wà ní àkáǹtì wa.

Ẹ wo The Great Suspender, àfikún Chrome tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn ń lò kí kọ̀ǹpútà wọn lè fúyẹ́. Ní ọdún 2020, ẹni tí ó ṣe é tà á fún ẹni tí aráyé kò mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò nítorí pé ohun tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá ti wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, jíjí ni wọ́n ń jí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn ọ̀daràn fi ayédèrú lẹ́tà gba ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí ó ṣe Web Developer, àfikún tí àwọn tí ń kọ́ ojú òpó fẹ́ràn, wọ́n sì fi ẹ̀dà olóró ránṣẹ́ sí àwọn tí ń lò ó lórí Chrome. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àfikún Cyberhaven, ilé iṣẹ́ tí ààbò gan-an jẹ́ òwò rẹ̀. Àwọn tí ọ̀ràn náà bá kò ṣe àṣìṣe kankan, nítorí pé àfikún máa ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà.

Kí wá ni ṣíṣe? Ibùdó tí àwọn tí ó ṣe búráúsà ṣí fún àfikún nìkan ni kí a ti máa gbà á. Bí ojú òpó kan bá ṣàdédé ní kí ẹ so nǹkan mọ́ búráúsà kí ẹ tó lè wo fídíò, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wo àṣẹ tí àfikún ń béèrè, kí ẹ sì fi wé iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí kò ní ohun tí í ṣe nínú lẹ́tà yín. Lórí Chrome, a lè pàṣẹ pé kí àfikún má ka ojú ewé àfi ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó sì dára kí a fi búráúsà kan tí kò ní àfikún kankan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ báǹkì.

Ẹni tí ó jẹ́ fóònù nìkan ni ó ní, kí ó mọ̀ pé Chrome orí fóònù Android kì í gba àfikún. Firefox orí Android ń gbà á, láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Mẹ́ta tí a mọ̀ dunjú sàn ju ogún tí a kò mọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ẹ ṣí búráúsà yín lónìí, kí ẹ ka iye àfikún tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rántí ohun tí ẹ fi ń ṣe, ẹ yọ ọ́.