Ikú Eudy Simelane: Adájọ́ rán apànìyàn lẹ́wọ̀n, kò gbà pé ìkórìíra ló fà á

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin nílẹ̀ Áfíríkà yóò mọ Banyana Banyana, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè South Africa. Eudy Simelane ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí. Ọmọ KwaThema ni, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlà-oòrùn Johannesburg. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ rẹfirí lọ́wọ́, torí ó wù ú kí òun wà lára àwọn tí yóò gbé àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níbi ìdíje ife àgbáyé ọdún 2010, tí South Africa gbàlejò rẹ̀.

Kò rí ọdún náà. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2008 ni wọ́n bá òkú rẹ̀ létí odò kékeré kan ní KwaThema. Wọ́n ti fipá bá a lò pọ̀, wọ́n jà á lólè, wọ́n sì gún un lọ́bẹ pa. Ẹni ọdún 31 ni.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé obìnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́. Òun náà kò fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ènìyàn ló láyà láti sọ irú rẹ̀ síta níbẹ̀ nígbà náà.

Ọkùnrin mẹ́rin ló fojú ba ilé-ẹjọ́ nílùú Delmas. Ọ̀kan gbà pé òun jẹ̀bi ní oṣù Kejì ọdún 2009, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 32. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹnì kejì gba ẹ̀wọ̀n gbére. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, àwọn oníròyìn bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní òun kò kábàámọ̀ rárá. Wọ́n dá àwọn méjì yòókù sílẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n gbére kì í ṣe ìyà kékeré, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé adájọ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ní irú ẹni tí olóògbé náà ń fẹ́ kọ́ ló fa ikú rẹ̀. Kódà, ìròyìn sọ pé ó béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba bóyá kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn lò dípò orúkọ tí wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ South Africa sì rèé, ilẹ̀ náà ló kọ́kọ́ fi sínú ìwé òfin rẹ̀ lágbàáyé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìyà nítorí irú ẹni tó ń fẹ́!

Ẹjọ́ mìíràn ló ṣí ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sọ Zoliswa Nkonyana, ọmọ ọdún 19, lókùúta, wọ́n sì gún un lọ́bẹ pa ní Khayelitsha, lẹ́bàá Cape Town, nítorí ohun kan náà. Ó lé ní ìgbà 40 tí wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú. Ẹni tó bá ti jẹ́rìí ní kóòtù rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà kan, díẹ̀ nínú àwọn afurasí tilẹ̀ sá kúrò ní àhámọ́ kóòtù, kí ọwọ́ tó tún tẹ̀ wọ́n.

Ní oṣù Kejì ọdún 2012 ni wọ́n tó dá ẹ̀wọ̀n ọdún 18 fún àwọn mẹ́rin, pé wọn kò ní lo mẹ́rin nínú rẹ̀ bí wọn kò bá tún dẹ́ṣẹ̀. Adájọ́ ibẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìkórìíra ló pa ọmọbìnrin náà, èyí sì dá kún ìyà wọn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọdún 16 lẹ́yìn ikú Simelane, Ààrẹ Cyril Ramaphosa bu ọwọ́ lu òfin tó sọ ìwà ọ̀daràn tí ìkórìíra bá fà di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀.