Gbogbo wa là ń jẹ irú, ta ló ń gbin igi rẹ̀?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí, ẹ má sì bínú sí mi: irú tí ẹ fi se ọbẹ̀ àná, ta ló gbin igi rẹ̀?

Mo bi ìyá kan ní ọjà Ìkọ̀lé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí màmá náà ti ń ta irú, àti pẹ̀tẹ̀ àti wooro, ó sì ń pọ́n ọn sínú ewé bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ní ń gbin irú? Ọlọ́run ló ń gbìn ín." Mo ní èyí tó wà nínú igbá yín yìí ńkọ́, níbo ló ti wá? Ó ní láti ọ̀nà Kwara ni, àwọn alájàpá ló ń kó o wá nínú àpò. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge ní ọ̀nà Òkè-Àkò àti Ìpàò, àwọn kì í ra kóró irú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n á mú igi gígùn tó ní ìwọ̀ lẹ́nu, wọ́n á lọ já a nínú oko. "Ní báyìí," ó ní, "àwọn tó ń sun èédú ti gé e."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìyá yẹn kò purọ́. Ní ilẹ̀ wa, igi irú kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ máa ń gbìn bí kòkó tàbí obì. Ó kàn máa ń hù fúnra rẹ̀ ni, àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko á dá a sí, á sì ro ebè yí i ká. Bí àwọn baba wa ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì tó wọn, nítorí ilẹ̀ pọ̀, ẹnu tó ń jẹun kò tíì pọ̀. Nísinsìnyí, tó o bá ti Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, tó o gba ibẹ̀ dé Ìkọ̀lé, ilé ló ń dìde ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn tó ń sun èédú náà ò sinmi. Èyí tí wọ́n gé kò padà, èyí tó yẹ kó hù, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́.

Káfíńtà kan ní Ìdó tún bà mí nínú jẹ́. Ó ní igi irú kò tilẹ̀ ṣe é fi ṣe pákó gidi, kòkòrò máa ń tètè jẹ ẹ́. Igi tó ti ń bọ́ ènìyàn láti ìgbà baba ńlá wa ni wọ́n ń gé lulẹ̀ fún èédú àpò mélòó kan!

Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé. Igi irú kan wà lẹ́yìn ilé bàbá bàbá mi ní Ọ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ la ti máa ń lá ìyẹ̀fun òfeefèé inú èso rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹnu wa á pọ́n bí ẹni tó mu epo. Ní 2022, ẹbí ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹni tó rà á fẹ́ kọ́lé, ọjọ́ kan péré ni ẹ̀rọ fi gé e. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀. Èso ṣì wà lórí igi náà lọ́jọ́ tó wó, ó kàn gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ ń ṣà á láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ó se púpọ̀ nínú rẹ̀, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́ sínú ìgò.

Ní 2023 mo ní kí ó fún mi nínú rẹ̀ kí n gbìn ín. Mo da ilẹ̀ sínú ọ̀rá, mo ki kóró mẹ́wàá bọ̀ ọ́, mo ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan. Oṣù méjì, kò sí nǹkan. Ìyá mi wá wò ó, ó ní, "Irú tí a ń se láti alẹ́ mọ́jú kó tó rọ̀, ìwọ sọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù, o ní kó hù. Ṣé ìwọ ò rí bí èèpo rẹ̀ ṣe le ni?"

Mo ti ka ìwé dé ìpele tí mo kà á dé, ẹnìkan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Líle èèpo tó ń jẹ igi ìdáná yín, ẹ̀yin ìyá onírú, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi dé inú kóró láti jí i.

Báyìí ni a ṣe ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ fọ ìyẹ̀fun òfeefèé kúrò lára kóró. Ẹ gbé omi kaná kó hó, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá da omi gbígbóná náà lé kóró lórí nínú abọ́. Ẹ má gbé abọ́ padà sórí iná o, a kò fẹ́ jẹ ẹ́! Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá wú nínú rẹ̀ ti gbà, ẹ tún omi gbígbóná da lé àwọn tí kò wú. Ẹ wá gbìn ín sínú ọ̀rá tí ẹ ti lu ihò sí nídìí, ọ̀rá omi tí a ń mu tó wà káàkiri títì náà dára, kí kóró má wọlẹ̀ ju oríkèé ìka kan lọ. Ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, tó ti jẹrà, ni kí ẹ pò pọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tiwa bẹ̀rẹ̀ sí yọrí. Méje ló hù nínú mẹ́wàá. Ìyá mi jó.

Òǹgbìn tó bá gbìn ín ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lè gbé e sí ilẹ̀ nígbà òjò, tó bá ti sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú ọ̀rá, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, tó bá ti ká jọ nínú ọ̀rá, ó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 30, torí orí rẹ̀ á fẹ̀ bí agbòòrùn ọba. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Márùn-ún nínú méje mi ni ewúrẹ́ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí mo ní màá ṣọgbà lọ́la. Ọ̀tá kejì ni iná ọyẹ́: kí ẹ ro ìdí rẹ̀ mọ́ kí koríko tó gbẹ. Ẹ máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò máa tọ́jú ara rẹ̀.

Ó tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó so. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa pòṣé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ bí lọ́dún yìí, ó máa wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ẹ ò sì ní kí ẹ má bí i.

Ọ̀rọ̀ àdán náà wà ńbẹ̀. Òdòdó igi irú máa ń so rọ̀ bí bọ́ọ̀lù pupa, àdán ló ń wá lá oje rẹ̀ lóru, òun ló ń gbé àtíkè òdòdó láti igi kan dé òmíràn tí èso fi ń wà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n dẹ́kun sísọ òkò sí wọn.

Ẹ̀yin bírikìlà, ẹ máa rò pé ti àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Hausa máa ń rẹ èèpo èso yìí sínú omi, wọ́n ń pè é ní makuba, wọ́n á fi rẹ́ ilẹ̀ àti ògiri amọ̀ kó le, kí òjò má wẹ̀ ẹ́ lọ.

Àwọn òyìnbó náà ní irú tiwọn, carob ni wọ́n ń pè é, ó pọ̀ ní Spéènì àti Mòrókò, wọ́n máa ń gbìn ín. Adùn èso rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọn ò mọ̀ ọ́n pọn bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ Bíbélì ní èso yẹn ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, Lúùkù 15. Tiwa ní orúkọ òyìnbó pẹ̀lú: Parkia, wọ́n fi sọ ọ́ lórí Mungo Park, ẹni tó kú sí odò Ọya ní Bùsá ní 1806. Igi tí ìyá ìyá mi ń já èso rẹ̀, orúkọ àlejò ló ń jẹ́ nínú ìwé!

Ohun méjì ló kù tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Ìyá onírú yẹn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún mi pé òun ti gbọ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi irú, ọjọ́ tó bá so ni onítọ̀hún á kú. Lójú tèmi, àgbàlagbà ló sábà máa ń rántí gbin igi, ọdún mẹ́wàá sì pọ̀ fún àgbàlagbà, ikú ló dé lásìkò tirẹ̀, wọ́n di ẹ̀bi ru igi.

Èkejì ni ti ayálégbé, èyí tó kàn mí. Àwa méjèèjì, èmi àti ìyá mi, yàrá la gbà ní Ìkọ̀lé. Lánlọ́ọ̀dù wa ní rárá. Ó ní ẹni tó bá gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti fẹ́ gba ilẹ̀ náà. N kò lè bá a jà, bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn. Ìyá mi ló rí ọgbọ́n sí i. Ó ní kí bàbá fúnra rẹ̀ gbẹ́ ihò, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé igi sí i, kí igi jẹ́ tirẹ̀, àmọ́ kí àwa máa pín èso rẹ̀ lọ́gbọọgba. Bàbá gbà níwájú ìyàwó rẹ̀. Nínú méjì tó kù, ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan ṣoṣo yìí ló wà. Ó ti dé orúnkún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi irú àtijọ́ nílé, ní Ọ̀tùn, ní Ìtàpà, ní Ọmùò, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ń já a, kí ẹ sì sọ fún wa bóyá ẹ mọ ẹni tó gbìn ín, tó jẹ nínú rẹ̀, tí kò kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lánlọ́ọ̀dù wa já búlọ́ọ̀kù 200 sí ìtòsí igi náà. N kò tíì bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.