Bí Trackpad Kọ̀ǹpútà Kò Bá Gbọ́ Àmì Ìka Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ rẹ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí trackpad rẹ̀ ń mọ bí ìka ti tẹ̀ ẹ́ tó, ṣùgbọ́n kò gbọ́ àmì ìka dáadáa. Kọ àròkọ tí yóò ṣàlàyé ohun tí ó lè fà á àti ọ̀nà tí a lè gbà yanjú rẹ̀.

KÍ O TÓ BẸ̀RẸ̀: Àròkọ aṣàlàyé ni èyí. Kò béèrè ìtàn, kò sì béèrè àríyànjiyàn. Ohun tí olùyẹ̀wò ń wá ni pé kí ọ̀rọ̀ rẹ yé ẹni tí kò rí nǹkan náà rí. Sọ ohun tí ó jẹ́ àti bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, to àwọn ìgbésẹ̀ rẹ láti orí èyí tí ó rọrùn jù lọ títí dé èyí tí ó le.

ÌLAPA ÈRÒ
1. Ìfáárà: ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe pàtàkì
2. Ohun tí trackpad jẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀
3. Ìyàtọ̀ láàárín ti àtijọ́ àti ti tuntun
4. Ọwọ́ tí a fi ń lò ó àti ojú trackpad
5. Iná tí kọ̀ǹpútà ń lò
6. Ètò inú kọ̀ǹpútà
7. Ìgbà tí ó yẹ kí a gbé e lọ fún oníṣẹ́
8. Ìkádìí

ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá kọ̀ǹpútà òde òní mu gan-an. Láti 2015 ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò UTME rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nìkan, nítorí náà ọ̀pọ̀ òbí ní Mọníyà, ní Lálùpọn, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Akànràn ń wá bí ọmọ wọn yóò ṣe rí kọ̀ǹpútà fi kọ́ ọwọ́. Owó gààrì tàbí owó adìyẹ ni àwọn mìíràn fi ń rà á. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá yarí, tí ọmọ náà sì sáré gbé e lọ fún oníṣẹ́, owó mìíràn yóò tún jáde, ó sì lè jẹ́ pé kò sí ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà rárá.

Trackpad ni pátákó pẹlẹbẹ tí ó wà níwájú àwọn bọ́tìnì ìtẹ̀wé lára kọ̀ǹpútà alágbèéká. Iṣẹ́ tí máòsì ń ṣe ni òun náà ń ṣe. Bí o bá fi ìka kan rà á, ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé ìka rẹ. Bí o bá fi ìka méjì rà á sókè sódò, ìwé tí o ń kà yóò máa yí. Bí o bá ya ìka méjì náà síra, àwòrán yóò tóbi sí i. Bí o bá fi ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbá a sí ẹ̀gbẹ́, wàá kúrò níbi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní àmì ìka.

Lára trackpad àtijọ́, bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, pátákó náà yóò wọlẹ̀ díẹ̀, yóò sì dún. Ti tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé èyí tí ó pè ní Force Touch jáde lára MacBook rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà sì ti ṣe irú tiwọn lẹ́yìn náà. Gíláàsì orí Force Touch kì í wọlẹ̀ bí bọ́tìnì. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́rin tí ó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń wọn bí ìka ti tẹ̀ ẹ́ tó, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ra kòkó ti ń fi òṣùwọ̀n wọn àpò. Bí agbára ìka bá ti tó, mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan yóò gbọn gíláàsì náà, ìka rẹ yóò sì rò pé nǹkan wọlẹ̀. Nítorí náà, bí o bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní pípa, kò ní dún, kò sì ní mira. Èyí kì í ṣe àrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ náà kí ó tó dá trackpad rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ọwọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iná tí ó kéré púpọ̀ ni trackpad fi ń mọ ibi tí ìka wà, nítorí pé ara ènìyàn ń gba iná. Bí ìka bá gbẹ jù nígbà ọyẹ́, tàbí tí ọkọ́ àti àdá ti sọ awọ rẹ̀ di líle, trackpad lè má mọ̀ pé ìka wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá sì lómi tàbí ó ń làágùn, ọfà lè máa fò kiri. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o nù ún gbẹ. Pa kọ̀ǹpútà náà, kí o fi aṣọ rírọ̀ tí ó lómi díẹ̀ nu epo àti eruku kúrò lójú trackpad. Má ṣe da omi sí i lórí. Bí ọ̀rá tàbí sítíkà bá wà lórí rẹ̀, yọ ọ́. Wò ó pẹ̀lú bóyá àtàǹpàkò rẹ sinmi lé e nígbà tí o ń fi ìka méjì ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ lè kà á sí ìka kẹta.

Lẹ́yìn ọwọ́, yẹ iná wò. Bí ọfà bá ń gbọ̀n tàbí tí ó ń fò nígbà tí ṣájà wà lára kọ̀ǹpútà, yọ ṣájà náà, kí o fi bátìrì nìkan ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, a jẹ́ pé trackpad kò ní ẹ̀bi. Ó lè jẹ́ ṣájà tí kò dára, ó sì lè jẹ́ iná tí kò ní wáyà ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí píńnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Lo ṣájà tí ó bá ẹ̀rọ náà mu, kí o wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ pé. Bí kò bá sí, jẹ́ kí bátìrì kún, kí o yọ ṣájà kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ọwọ́ àti iná bá dára, wọ inú ètò kọ̀ǹpútà lọ. Lórí MacBook, ṣí System Settings, kí o yan Trackpad. Lára àwọn tí ó ti pẹ́, System Preferences ni orúkọ rẹ̀. Ní ibẹ̀, Light wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, Firm wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, Medium sì wà láàárín. Bí o bá fẹ́ kí ìfọwọ́kàn lásán dípò títẹ̀, tan Tap to click. Bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń yọ láìjẹ́ pé o béèrè, agbára rẹ ni ó pọ̀ jù. Rọra tẹ̀ ẹ́, tàbí kí o pa Force Click.

Ohun mìíràn tí ó máa ń dààmú ènìyàn ni pé bí a bá ti tan ètò tí ó jẹ́ kí a fi ìka mẹ́ta fa nǹkan, àwọn àmì tí a ń fi ìka mẹ́ta ṣe tẹ́lẹ̀ yóò di ti ìka mẹ́rin. Wọn kò bàjẹ́, wọ́n kàn pààrọ̀ ni. Bí trackpad bá sì kú pátápátá nígbà tí o so máòsì mọ́ kọ̀ǹpútà, lọ sí Accessibility, kí o wo Pointer Control. Ètò kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó má ka trackpad sí bí máòsì bá wà. Pa ètò náà. Bí àmì ìka kan kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, dán an wò nínú iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ohun tí o ń lò ni kò mọ àmì náà. Ní ìparí, pa kọ̀ǹpútà náà, kí o tún un tàn.

Ọ̀ràn kan wà tí kò gba sùúrù. Bí trackpad bá ń ga sókè, tí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà wú, tàbí tí ìdérí rẹ̀ kò pàdé mọ́, bátìrì lè ti wú. Pa á lójú ẹsẹ̀, má ṣe so ṣájà mọ́ ọn, má ṣe gún bátìrì náà, má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, nítorí pé ó lè gbiná. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí o gbé e lọ fún. Bákan náà ni bí omi bá ti wọ inú ẹ̀rọ náà, tàbí tí ó já bọ́ tí gíláàsì rẹ̀ sì là.

Ní àkótán, ọwọ́ ni à ń kọ́kọ́ wò, iná tẹ̀ lé e, ètò inú kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé iná, oníṣẹ́ ni ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e báyìí kò ní sanwó fún àrùn tí kò sí. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, yóò lè sọ ohun tí ó ti dán wò, kò ní jókòó máa wo ẹnu rẹ̀.

ÀKÍYÈSÍ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́: (i) Wò ó pé a kò pe ohunkóhun ní bíbàjẹ́ kí a tó sọ bí a ti lè mọ̀. (ii) A fi orúkọ tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé òun ni ọ̀rẹ́ rẹ yóò wá kàn. Gbogbo àlàyé yòókù wà ní Yorùbá. (iii) Òwe kan péré ni a lò, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà mu. Má ṣe kó òwe jọ bí ẹni ń kó igi.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ní ọ̀nà kan náà, kọ àròkọ lórí bí a ṣe lè mọ ohun tí ó ń ṣe jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ tan.