Kánítíìnì Nínú Oúnjẹ àti Nínú Ìgò Oògùn: Ta Ni Ó Nílò Rẹ̀?

1. Ìfáárà

Èròjà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní L-carnitine ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Kánítíìnì ni a ó máa pè é. Ní ọdún 1905 ni Gulewitsch àti Krimberg, àwọn onímọ̀ méjì ní Rọ́ṣíà, rí i nínú iṣan ẹran. Láti ara ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí ẹran ni orúkọ náà sì ti wá. Lónìí, a ń tà á ní oníhóró àti olómi fún ẹni tí ó fẹ́ dín ọ̀rá ara kù, fún eléré ìdárayá àti fún ẹni tí àárẹ̀ ń mú. Èròǹgbà wa ni láti fi hàn pé ìwúlò rẹ̀ hàn gbangba fún ẹni tí ó ṣaláìní rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó nǹkan fún ẹni tí ara rẹ̀ le.

2. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara

Igi ìdáná ni ọ̀rá jẹ́ fún ara. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀yà tíntìntín kan wà tí ó dà bí ààrò; ibẹ̀ ni ara ti ń sun ọ̀rá kí agbára lè jáde. Púpọ̀ nínú ọ̀rá oúnjẹ kò lè dá wọ ibẹ̀. Kánítíìnì ni alárù tí ń rù ú wọlé. Bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ tán, yóò padà wá gbé òmíràn. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi wà nínú iṣan ara àti ti ọkàn. Ṣùgbọ́n bí alárù bá ti tó, fífi òmíràn kún un kò ní kí iná jó sí i. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ìwádìí fi fi hàn pé ìwọ̀n tí ó ń dín kù lára àwọn tí ń lò ó láti fọn kò ju nǹkan bí kílógíráàmù kan lọ.

3. Ibi tí a ti ń rí i

Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣe kánítíìnì láti ara èròjà méjì, lysine àti methionine, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ èròjà irin àti fítámì C. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí níhìn-ín.

Ẹran màlúù ní in púpọ̀: gíráàmù 85 lè ní mìlígíráàmù 42 sí 122. Ife wàrà tútù kan kò ní ju nǹkan bí 8 lọ. Ẹni tí kò rówó ẹran kò pàdánù. Àgbàdo kò ní lysine tó, ẹ̀wà sì ní in. Ẹ̀wà kò ní methionine tó, àgbàdo sì ní in. Ẹni tí ó fi àkàrà mu ẹ̀kọ ti kó méjèèjì jọ. Ẹ̀fọ́ àti ọsàn yóò parí ìyókù.

4. Àwọn tí oògùn náà wà fún

Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àbùkù tí kò jẹ́ kí kánítíìnì wọ sẹ́ẹ̀lì wọn. Ọkàn wọn lè dákú bí a kò bá tọ́jú wọn. Kánítíìnì ni ó ń gbà wọ́n là. Bákan náà, ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ máa ń fọ kánítíìnì lọ. Ní ọdún 1999 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún irú wọn tí ó bá ṣaláìní rẹ̀. Oògùn wárápá tí ń jẹ́ valproate náà lè dín in kù.

5. Ewu tí ó rọ̀ mọ́ ọn

Nínú oúnjẹ, ara ń gba ìdá 54 sí 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú oògùn, 14 sí 18 péré. Ìyókù di ti àwọn kòkòrò inú ìfun. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé ohun tí wọ́n ń sọ ọ́ dà, lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ bá ti yí i padà, ní í ṣe pẹ̀lú àrùn òpó ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù 3 lójúmọ́ lè fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti òórùn ẹja lára. Ó sì lè mú gìrì pọ̀ sí i fún oníwárápá.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìmọ̀ràn dókítà ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìgò oògùn. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó ń fi owó oúnjẹ ra kánítíìnì, ń ta ohun tí yóò fi ṣe é láti ra ohun tí ara rẹ̀ ti ń ṣe.