Òótọ́ àbí irọ́? Sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò kú lára ọmọdé

Ìyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, yóò máa wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á kan ohun líle kan lábẹ́ ìhà. Láti Ìmàṣàyí dé Ayétòrò, ẹni tó bá fi hàn yóò ní aràn ni, tàbí ibà tó ti pẹ́ lára, tàbí ọwọ́ ayé. Ó sì lè jẹ́ neuroblastoma, jẹjẹrẹ tó ń hù láti ara sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó di iṣan ìmọ̀lára. Ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọmọdé kì í ní jẹjẹrẹ.” Irọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń ní eléyìí kò tíì pé ọmọ ọdún 5.

“Àrùn nìkan ló ń pa sẹ́ẹ̀lì.” Irọ́ ni, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ sì wà. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, ara ń dá sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára ju iye tó nílò lọ, bí àgbẹ̀ ṣe ń ju hóró àgbàdo mẹ́ta sí ihò kan, tí yóò sì fa èyí tí kò ta dáadáa tu. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá rí oúnjẹ tirẹ̀ gbà yóò pa ara rẹ̀. Rita Levi-Montalcini, ọmọ Ítálì tó ṣàwárí oúnjẹ náà, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ikú ọ̀hún kì í pariwo: sẹ́ẹ̀lì á súnkì, purotéènì tí wọ́n ń pè ní caspase á gé inú rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á gbé e mì. Kò sí ọyún, kò sí wíwú. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ neuroblastoma, apilẹ̀ àbùdá tó ń ṣe caspase-8 wà níbẹ̀ digbí, ńṣe ni wọ́n tì í pa. Ẹni tó yẹ kó kú kò kú, ó wá tún ń bímọ.

“Kókó náà lè pòórá fúnra rẹ̀.” Òótọ́! Lára àwọn ìkókó kan tí kò tíì pé oṣù 18, ó lè ti dé ẹ̀dọ̀ àti awọ ara, síbẹ̀ kó rọ dànù. Láti 1985 ni Jàpáánì ti ń yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ oṣù 6 wò kárí orílẹ̀-èdè, láti fi wá jẹjẹrẹ yìí. Wọ́n rí kókó rẹpẹtẹ, wọ́n ń fi abẹ yọ ọ́, kó tó hàn pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ì bá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní 2004 wọ́n pa ètò náà tì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní àgbo òun ló yọ́ kókó ọmọ, ọjọ́ orí ọmọ ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ti ọmọ ọdún 3 tí egungun ń ro, tí ìpénpéjú rẹ̀ dúdú yíká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú, ìyẹn ti wọ egungun. Kò ní lọ fúnra rẹ̀.

“Oògùn jẹjẹrẹ, májèlé lásán ni.” Ó kù díẹ̀ káàtó. Ó ń ba àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi pa ara rẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni irun ọmọ ṣe ń re. Níbi tí ọ̀nà ikú yẹn bá ti dí, oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án.

“Fítámì A ń wò ó, epo pupa ti tó.” Irọ́. Isotretinoin, ìbátan fítámì A, ni wọ́n ń fún àwọn tí tiwọn le, lẹ́yìn oògùn jẹjẹrẹ, kí sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù lè dàgbà kó sì dẹ́kun bíbí. Dókítà ló ń wọn ìwọ̀n rẹ̀. Epo inú ọbẹ̀ kò lè ṣe é. Bí ọwọ́ bá kan kókó, ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí dókítà jẹjẹrẹ ọmọdé wà, bíi ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú ikùn rẹ̀.