Kí ẹ tó ra ọkọ̀ kejì, ẹ kọ́kọ́ ka kìlómítà yín

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní bírò nítòsí kó mú un, torí a máa ṣe ìṣírò díẹ̀. Kò le rárá, ìṣírò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Màdáàmù kan ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Olùkọ́ ni, Vakon ló ń gbé. Iléèwé rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 10 sílé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu, àárọ̀ ló ń lọ, alẹ́ ló ń dé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, jíìpù ńlá oníjókòó méje, òun ni bàbá ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni àjọ tí màmá ń dá máa kàn án, mílíọ̀nù 2 fráǹkì. Bàbá ní kí wọ́n fi ra ọkọ̀ kékeré fún màmá, kó yéé gun zem lọ síléèwé nínú òjò. Màdáàmù wá bi wá pé: "Irú ọkọ̀ wo ni kí n rà tí kò ní máa jẹ owó oṣù mi tán?"

Ìbéèrè gidi ni. Owó tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù dá jọ, kò yẹ kó bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dárúkọ ọkọ̀ kankan, ìbéèrè mìíràn wà tó ṣáájú.

Epo òní kì í ṣe epo àná

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa ará ìhà ibí kì í sábà bèèrè iye epo tí ọkọ̀ ń mu. Kpayo wà létí ọ̀nà, nínú ìgò àti nínú kẹ́ẹ̀gì. Nàìjíríà ló ti ń wá, ó sì dínwó, torí ìjọba ibẹ̀ ń san lára owó rẹ̀ fún aráàlú. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí oyè, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà nílé epo wọn di nǹkan bíi 500. Kpayo tiwa náà gbówó lórí. Ọkọ̀ tí òùngbẹ epo ń gbẹ, tí kò ni ẹnikẹ́ni lára tẹ́lẹ̀, wá di ẹrù sí ọ̀pọ̀ ilé lọ́rùn.

Àwọn kan wá ń ra epo pamọ́ sílé nígbà tó bá dínwó. Ẹ má ṣe é o. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 yẹn kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ẹnubodè. Èèyàn tó lé ní 30 ló kú. Epo kì í ṣe ohun tí à ń fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà tó kù fún wa ni pé kí lítà tí à ń rà lóṣù dínkù.

Ta ló ń rin ọ̀nà tó gùn?

Ó yá, bírò dà? Lítà tí ọkọ̀ ń mu ní 100 kìlómítà la fi ń mọ òùngbẹ rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1 sí lítà 1,4, irú bíi Toyota Yaris, Kia Picanto, Renault Clio tàbí Peugeot 206, máa ń mu nǹkan bíi lítà 5 sí 7 bí ara rẹ̀ bá le. Jíìpù ńlá onísílíńdà mẹ́fà lè mu lítà 12, kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ.

Ká ní jíìpù ilé màdáàmù yìí ń mu 12, kí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fẹ́ rà máa mu 6. Mo fi lítà kan sí 700 fráǹkì kí ìṣírò lè rọrùn. Bí iye tí ẹ̀ ń rà á bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò.

Láti ìhà ibí dé Kùtọnu, lílọ àti bíbọ̀, ká pè é ní kìlómítà 80. Ọjọ́ 25 lóṣù, torí Sátidé náà ní ìrìn tirẹ̀: kìlómítà 2 000. Màmá ń rin kìlómítà 20 lóòjọ́, ìyẹn 500 lóṣù.

Bí bàbá ṣe rò ó nìyí: jíìpù lọ sí Kùtọnu, yóò mu lítà 240. Ọkọ̀ kékeré lọ síléèwé, yóò mu lítà 30. Àpapọ̀ rẹ̀ 270, owó rẹ̀ 189 000 fráǹkì lóṣù.

Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Kí bàbá gbé ọkọ̀ kékeré lọ sí Kùtọnu: lítà 120. Kí màmá gbé jíìpù lọ síléèwé: lítà 60. Àpapọ̀ rẹ̀ 180, owó rẹ̀ 126 000.

Ọkọ̀ méjì kan náà ni. Ọ̀nà kan náà, ilé kan náà. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀, 63 000 fráǹkì sì dúró sílé lóṣù kan. Bí a bá tilẹ̀ ka oṣù 10 péré nítorí ìsinmi iléèwé, 630 000 nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí nìyí: ọkọ̀ tí kò mu epo púpọ̀, ọ̀nà tó gùn ni ká fún un. Nínú ilé wa, a máa ń rò pé olórí ilé ló ni ọkọ̀ ńlá, ìyàwó ló ni kékeré. Ìṣírò ò mọ olórí ilé o. Kìlómítà ló mọ̀.

Ṣé èyí tó wọ́n díẹ̀ tí kò mu epo ni, àbí èyí tó dínwó?

Ìṣírò yìí kan náà ló máa dáhùn. Ká ní ẹ rí ọkọ̀ kékeré méjì. Ọ̀kan jẹ́ 1 400 000, ó ń mu 8. Èkejì jẹ́ 1 700 000, ó ń mu 6. Ìyàtọ̀ owó wọn jẹ́ 300 000. Lọ́nà Kùtọnu, èkejì yóò fi lítà 40 dín sí ti àkọ́kọ́ lóṣù, ìyẹn 28 000 fráǹkì. Kó tó pé oṣù 11, ó ti dá 300 000 yẹn padà. Ṣùgbọ́n lọ́nà iléèwé, lítà 10 péré ni ìyàtọ̀, 7 000 fráǹkì. Ó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ kí owó náà tó padà. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sí Ouando nìkan lè ra èyí tó dínwó, bí ara ọkọ̀ náà bá ti dá. Ẹni tó ń lọ sí Kùtọnu lójoojúmọ́, kó fi owó díẹ̀ kún un.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò ná mílíọ̀nù 2 náà tán. Ẹ fi owó sílẹ̀ fún ìwé ọkọ̀, assurance, vidange àkọ́kọ́, àti táyà.

Ohun tí ẹ máa wò níbi tí wọ́n ti ń tà á

Ọkọ̀ tuntun kọ́ la ń sọ, tòkúnbọ̀ ni. Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn ẹlòmíràn ti lò ó kí a tó rí i. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Ẹ lọ ní àárọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti ta á kí ẹ tó dé, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ́ńjìnì tó tutù ló ń sọ òótọ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀: bó bá jẹ́ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì, bó bá dúdú, epo ń ṣòfò, bó bá funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, omi lè máa wọlé síbi tí kò yẹ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí nǹkan tó dà bí ẹ̀kọ mímu nínú rẹ̀, omi lè ti bá ọ́ìlì pàdé. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú nígbà tí ọkọ̀ bá ṣí. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí àìsàn rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. 120 000 tí ẹ rí lójú rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 193 000. Nọ́ńbà ṣáńsíìsì rẹ̀ jẹ́ àmì 17, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà pa pọ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà lè máa dán kó sì ti darúgbó.

Nọ́ńbà ṣáńsíìsì tó wà lára ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé douane tàbí carte grise mu, láìku àmì kan. Bí ọkọ̀ bá ti ní visite technique láti CNSR, ẹ wo ọjọ́ tó máa parí.

Ẹlòmíràn á ní, gasoil ńkọ́? Lóòótọ́, ẹ́ńjìnì gasoil kì í mu púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ti òde òní kórìíra epo tó dọ̀tí, asẹ́ èéfín wọn sì máa ń dí bó bá jẹ́ ọ̀nà kúkúrú ni wọ́n ń rìn lójoojúmọ́. Hybrid bíi Toyota Prius náà kì í mu nínú sún kẹrẹ, àmọ́ bátìrì ńlá rẹ̀ bó bá darúgbó, owó gidi ni. Kí ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa tún un ṣe rí.

Bí ẹ bá ti rà á tán, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ kún táǹkì, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀. Ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún kún un. Lítà tó wọlé, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, kí ẹ fi kìlómítà tí ẹ rìn pín in. Lítà 15 fún kìlómítà 250, 6 nìyẹn. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù. Bó bá gòkè, ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà àti asẹ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.

Màdáàmù, ìdáhùn yín rèé

Ẹ ra ọkọ̀ kékeré tó ń mu 6, tí bàbá yóò máa gbé lọ sí Kùtọnu. Ẹ̀yin, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Bí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà yín, kí bàbá fi Sunday méjì tàbí mẹ́ta kọ́ yín. Ṣùgbọ́n owó àjọ yín ni, torí náà orúkọ yín ni kó wà lórí carte grise. Kí ẹ sì jọ jókòó sọ ibi tí 63 000 yẹn máa lọ lóṣooṣù, kó má kàn yọ́ dànù lọ́wọ́ yín.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Àwọn ará ọ́fíìsì lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré. Bí oṣù bá parí, ẹ bi wọ́n pé èló ló kù lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ ka kìlómítà yín, kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni. Ó dìgbà kan ná o.