Ó rẹ ìyá ọmọ

Ọ̀rọ̀ abiyamọ la fẹ́ sọ lónìí.

Bí obìnrin bá bímọ, gbogbo ilé a máa yọ̀. Wọn a ní: "Ẹ kú ewu ọmọ." Ṣùgbọ́n bí ìkómọ bá ti kọjá, tí àlejò ti lọ tán, ta ló tún ń bèèrè ìyá?

Ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tuntun a máa mu ọyàn tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Ká ní ìgbà 10 ni, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìdajì wákàtí, wákàtí 5 ti lọ nìyẹn. A ò tíì ka aṣọ fífọ̀, omi pípọn àti ọkà rírò. Òru pàápàá kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Kí oorun tó wọ̀ ọ́ lójú, ẹkún ti dé.

Obìnrin tó ń lọ sí ọjà Kétu tàbí ọjà Pobẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kò lè dá jáde mọ́. Bó bá fẹ́ wẹ̀ pàápàá, àfi kó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ. Ó fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Síbẹ̀ ó ń rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Bó bá sọ ọ́ jáde, wọn a ní: "Ṣé ìwọ lo kọ́kọ́ bímọ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì wà nítòsí, tó ń gbọ́. Ló bá pa ẹnu mọ́.

Àárẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ. Oúnjẹ tó ń jẹ ni ara rẹ̀ fi ń ṣe omi ọyàn. Bí ìkòkò bá ti gbẹ kó tó kàn án, agbára dà? Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti omi púpọ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó. Bí ìbànújẹ́ rẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tí kò wù ú láti gbé ọmọ mọ́, àìsàn lè ni, kì í ṣe ìwà burúkú. Ó ní ìtọ́jú. Kó sì tó ọdún 2 ó kéré tán kó tó tún lóyún.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Ọyàn nìkan ni ẹ ò lè fún ọmọ. Ẹ lè pọnmi, ẹ sì lè pọn ọmọ. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyàwó yín ń sùn.

Ní kíláàsì, ẹ bi àwọn abiyamọ tó wà láàárín yín léèrè: ìgbà wo ni ẹ sùn fún wákàtí 4 láìjí kẹ́yìn?